Sírọ̀mù fún orúnkún: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ọ̀ṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò

Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ la fi ń ṣe sírọ̀mù (omi tó kù nígbà tẹ́jẹ̀ bá dì) tí wọ́n máa gún sínú orúnkún rẹ̀. Puròtéènì kan tó ń jẹ́ IL-1Ra là ń wá nínú rẹ̀. Puròtéènì yìí máa ń gba ibi tí IL-1 ì bá dì mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì, tí IL-1 kò fi ní ráyè mú kí oríkèé wú. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń ṣe é, pàápàá àwọn monocyte. Bí wọ́n bá kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe.

Ní ti ọ̀nà tí Peter Wehling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Düsseldorf, ní Jámánì, sírínjì tí bíìdì gíláàsì wà nínú rẹ̀ la fi ń fa ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi mílílítà 50. Ẹ má fi oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì sí i. Sírọ̀mù là ń fẹ́. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ tó móoru ní 37°C fún wákàtí 6 sí 9. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i nínú centrifuge (ẹ̀rọ tó ń fi yíyí ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀), ẹ fa omi tó lé sókè, ẹ sẹ́ ẹ gba inú àsẹ́ 0.2 máíkírómítà, kí ẹ pín in ní mílílítà 2-2, kó sì wọ fírísà ní −20°C.

Níbi fífa ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Abẹ́rẹ́ tínínrín, fífà tagbára-tagbára àti mímì sírínjì jìgìjìgì máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Sírọ̀mù tó dára máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó bá pupa, ẹ dà á nù láìṣiyèméjì. Ẹ má sì gbé ẹ̀jẹ̀ sínú fíríìjì kẹ́ ẹ tó mú un móoru, torí òtútù ń dá iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì dúró.

Ẹni tó ń lo APS

APS (autologous protein solution) ni ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà kó puròtéènì jọ látinú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. Tiwa yìí kì í pẹ́ tó ti sírọ̀mù, kò sì ní wákàtí ìmóoru. Mílílítà 5 ACD-A, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ló ń kọ́kọ́ wọ sírínjì, ká tó fa ẹ̀jẹ̀ mílílítà 55 lé e. Ẹ máa rọra dà á síwá sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń fà á: ẹ̀jẹ̀ tó bá dì díẹ̀ ti gbé sẹ́ẹ̀lì funfun mì nìyẹn. Centrifuge àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 15. Ìkejì gba ìṣẹ́jú 2, bíìdì inú rẹ̀ ń fa omi kúrò, puròtéènì á sì ki. Ohun tó máa kù kò ju mílílítà 2 sí 3 lọ.

Nọ́ọ̀sì oríkèé

Àsẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ sírọ̀mù yẹn ń dá kòkòrò bakitéríà dúró, kì í dá fáírọ́ọ̀sì dúró. Ìdí nìyí tí orúkọ àti ọjọ́ ìbí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì sì kà á kó tó wọ orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láé. Ìgò tó bá ti yọ́, ẹ lò ó lọ́jọ́ náà. Ẹ má dá a padà sí fírísà.