Géèmù tuntun wo ló jọ ti àtijọ́?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣábó ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, mo sì ń wá géèmù tuntun tí èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, lè jọ máa gbá, irú èyí tí a ń wò láti ẹ̀gbẹ́, tí ẹni inú rẹ̀ ń sáré, tó ń fò láti ibì kan bọ́ sí òmíràn, bíi Super Mario Bros. ti 1985, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbá títí àtàǹpàkò wa fi le.

A ti gbá Shovel Knight ti 2014 tán. Mo fẹ́ràn bí akọni náà ṣe ń fi ṣọ́bìrì rẹ̀ gún ọ̀tá lórí láti òkè, tí ìyẹn á sì tún ta á sókè bíi bọ́ọ̀lù. Celeste ti 2018, níbi tí a ti ń gun òkè ńlá kan, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó le fún ọmọ náà. Géèmù náà ní ètò ìrànlọ́wọ́ tó lè dín bó ṣe ń yára kù, àmọ́ ọmọ mi kọ̀ ọ́, ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun gun òkè náà dé orí.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí a tún gbá? Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti pẹ́, nítorí náà kí ó má wúwo, kí ó má sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Ǹjẹ́ Sonic Mania ti 2017 yóò bá a mu?