Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí fẹ́ńsì aláìníwáyà fún ajá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Pàràkin ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. A ò tíì mọ ògiri yí ilé ká, owó búlọ́ọ̀kù ò ṣeé sún mọ́. Ajá mi, Tanímọ̀la, ti sọ títì di àgbàlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ọ̀kadà gbá a. Ọdún Ọlọ́jọ́ sì ń bọ̀; ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí Ògún ń jẹ.

Àbúrò mi ní Kánádà fẹ́ fi fẹ́ńsì aláìníwáyà ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kan á wà nínú ilé tí á máa fi ìgbì rédíò pa ààlà yípo. Ajá á wọ kọ́là tó ní bátìrì sọ́rùn. Tó bá dé ẹnu ààlà, kọ́là á dún. Tó bá ṣorí kunkun, iná kékeré á ta á.

Ṣùgbọ́n iná ìjọba ńkọ́? Tó bá lọ, ṣé kọ́là ò ní máa ta ajá lásán, àbí ajá á kàn gba títì lọ ni? Iná tiwọn lọ́hùn-ún jẹ́ 120 fóòtì, tiwa jẹ́ 230. Ṣé ẹ̀rọ náà ò ní jó? Mo tún gbọ́ pé irin máa ń dí ìgbì rédíò lọ́wọ́, páànù ló sì bo ilé wa. Kò ní dá ewúrẹ́ aládùúgbò dúró, mo mọ ìyẹn.

Ẹni tó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ni ajá yín fi kọ́ ọ?