Ìfiránṣẹ́ kọ́, ìfirúyàn ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí, pé kí a máa pe díspáàṣì (dispatch, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yan ọ̀nà tó máa fi ṣe iṣẹ́ kan) ní "ìfiránṣẹ́" nínú ìwé atọ́nà tí à ń kọ fún àkójọ iṣẹ́ ìṣirò wa. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ará ìlú: ta ló dé Ọláìyá ní Òṣogbo níbí tí kò mọ àwọn ọlọ́kadà díspáàṣì tó ń gbé ẹrù kiri? Òótọ́ ni. Ibẹ̀ náà ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Fìà jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ka orí kejì ìwé náà. Ó kan ibi tí a kọ pé "irú ni a fi ń pinnu ìfiránṣẹ́ ìsọdipúpọ̀". Ó fi ìka rẹ̀ sórí ìlà yẹn, ó yíjú sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta la fẹ́ fi mátíríìsì náà ránṣẹ́ sí? Ṣé kí n tan dátà ni?" Ọmọ tó já fáfá ni. Ọ̀rọ̀ wa ló ṣì í lọ́nà.

Kò sí ohun tó ń ti ibì kan lọ síbì kan. Orúkọ kan la ní, ìsọdipúpọ̀, onírúurú ọ̀nà ìṣe ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wo irú ohun tí a kó fún un, á yan ọ̀nà tó bá a mu jù. Ẹ jẹ́ ká mú mátíríìsì (àtẹ nọ́ńbà) méjì, ìlà 1,000 àti òpó 1,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà kún inú wọn. Bí a bá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé, a ó sọ nọ́ńbà dipúpọ̀ ní ìgbà 1,000,000,000. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìlà tó dábùú láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ nìkan, tí gbogbo ibi yòókù jẹ́ òdo, ìgbà 1,000,000 péré ti tó. Òdo ò yẹ lẹ́ni tí à ń ṣe wàhálà lé lórí. Irú tí a kọ sára mátíríìsì yẹn ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ọ̀nà tó yá, láìjẹ́ pé ẹni tó ń lò ó yí orúkọ iṣẹ́ padà.

Èdè wa ń ṣe irú nǹkan yìí lójoojúmọ́. Ẹ wo "mú". Ọlọ́pàá mú olè. Òtútù mú olè. Ọlọ́pàá mú ìwé. Olè kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́pàá ṣe fún un kọ́ ni òtútù ṣe fún un. Ọlọ́pàá kan náà ni, ṣùgbọ́n bó ṣe mú olè kọ́ ló ṣe mú ìwé. Ẹni tó bá wo olùwà nìkan kò tíì mọ iṣẹ́ tí "mú" ń ṣe, ẹni tó wo àbọ̀ nìkan náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Python àti Julia, àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nìyẹn. Díspáàṣì tí Python 3.4 gbé jáde lọ́dún 2014, ohun àkọ́kọ́ tí a kó fún un nìkan ló ń wò. Julia, tí wọ́n gbé síta lọ́dún 2012, ń wo gbogbo wọn kó tó yàn. Common Lisp, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Fífi orúkọ kan pe ọ̀nà púpọ̀ nínú èdè C++ (overloading), tí wọ́n máa ń fi bá èyí wé, ọ̀tọ̀ ni: kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ rárá ni wọ́n ti yàn án tán.

Yíyàn ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Ẹnìkan ti dábàá "ìyanṣẹ́". Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, títí mo fi kà á sókè tí mo gbọ́ ìyanṣẹ́lódì nínú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ ti ń yanṣẹ́ lódì léraléra, kò sí bí a ṣe fẹ́ yọ ìró yẹn kúrò létí ènìyàn.

Àbá tèmi ni "ìfirúyàn". A fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, ó di ìfọ̀rọ̀wérọ̀. A fi irú yan nǹkan, ó di ìfirúyàn. Ti Python á jẹ́ ìfirúyàn ẹlẹ́yọ kan, ti Julia á jẹ́ ìfirúyàn ọlọ́pọ̀. Ìyá kan láàárín wa ti ní irú ọbẹ̀ ni òun kọ́kọ́ gbọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n bí aláṣọ lọ́jà bá bi wá pé "irú wo lẹ fẹ́?", ọkàn wa kì í lọ síbi ọbẹ̀. "Irúfẹ́" wà ńlẹ̀ o, àmọ́ "ìfirúfẹ́yàn" gùn, ó sì há lẹ́nu.

Ibi tí mi ò tíì gbà ni "pọ́n-na" tí àwọn kan fẹ́ kí a lò fún àṣìṣe kan tí Julia máa ń kéde. Ká ní a kọ ọ̀nà kan fún oníbùú (mátíríìsì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìlà tó dábùú nìkan) lápá òsì pẹ̀lú ohunkóhun lápá ọ̀tún, a tún kọ òmíràn fún ohunkóhun lápá òsì pẹ̀lú oníbùú lápá ọ̀tún. Bí oníbùú méjì bá jọ dé, ọ̀nà méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́, kò sí èyí tó bá wọn mu ju èkejì lọ. Kọ̀ǹpútà á kọ̀, àfi kí a kọ ẹ̀kẹta fún oníbùú méjì. Gbólóhùn pọ́n-na, ohun kan tó nítumọ̀ méjì ni. Méjì tó ń du ipò kan lèyí. "Ìdupò" ni mo ti kọ sí orí karùn-ún báyìí, mo sì ti fi ìfirúyàn rọ́pò ìfiránṣẹ́ ní orí kejì kí ọmọ yẹn lè tún un kà lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju ìdupò lọ, kó jọ̀ọ́ fi àpẹẹrẹ gbólóhùn kan tì í.