Agbanálétí tàbí onírímù? Orúkọ tí yóò tọ́ ẹni tó fẹ́ ra ìbọn .22 sọ́nà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹnì kan nínú wa ń kọ ìtọ́sọ́nà lédè Yorùbá fún àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba tí wọ́n fẹ́ ra ìbọn .22, ìbọn ọlọ́ta kékeré, fún ìgbà àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe kó jọ ti ológun. Ó ní ká bá òun wá orúkọ fún irú kátíríìjì tó ń jẹ ("rimfire" lédè òyìnbó), fún ìrísí rẹ̀, àti fún bó ṣe ń ki ara rẹ̀ ("semi-automatic"). Èsì tó ti wọlé ni "onírímù", "elétí" àti "ayédèrú ìbọn ológun". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan, inú ìbọn náà fúnra rẹ̀ ni màá sì ti fa ìdí rẹ̀ yọ.

Ẹ wo kátíríìjì .22 Long Rifle, tó ti wà láti 1887. Ago idẹ kékeré ni, ọta òjé wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀tù wà nínú. Ìdí ago náà yọ síta díẹ̀ yí ká, bíi etí ìgbá. Inú etí yẹn gan-an ni wọ́n fi ẹ̀tù mìíràn sí, èyí tó máa ń gbaná bí nǹkan bá ti lù ú. Abẹ́rẹ́ ìbọn kì í gún àárín ìdí, etí ló ń tẹ̀ rún. Kátíríìjì àwọn ọdẹ wa nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dojú ìdí rẹ̀ sókè, ẹ ó rí ohun kan róbótó bíi bọ́tìnnì láàárín. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń lù.

Síbẹ̀, kátíríìjì ọdẹ yẹn ní etí. Kátíríìjì .303 tí àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba gbé ja ogun àgbáyé méjèèjì náà ní etí. Àárín ni iná ti ń mú àwọn méjèèjì. Bí a bá wá pe .22 ní "elétí", a ti kó gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan náà. "Onírímù" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí rímù tí Yorùbá mọ̀ ni irin táyà lọ́dọ̀ fọkanáísà.

Ibi tí iná ti ń mú un ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ sọ. Mo dábàá AGBANÁLÉTÍ, kí ìkejì rẹ̀, "centerfire", sì jẹ́ AGBANÁLÁÀÁRÍN.

Kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ni mo ń wá. Òfin wà lórí ìyàtọ̀ yìí. Láti 1988 ni Ìlú Ọba ti fòfin de àwọn ráífù tó ń ki ara wọn, àfi èyí tó bá ń jẹ .22 agbanálétí, ìyẹn sì ní láti ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ní California, ráífù agbanáláàárín tó ń ki ara rẹ̀ ni òfin wọn dárúkọ nígbà tó ń ṣàlàyé ìrísí tó di èèwọ̀. Òfin New York ti 2013 kò ya méjèèjì sọ́tọ̀: bí ráífù tó ń ki ara rẹ̀ bá ní mágásíìnì (àpótí ọta) tó ṣe é yọ, tó sì ní ẹyọ kan péré nínú àwọn àmì ológun tó kà sílẹ̀, irú bí ìdí ìbọn tó ń gùn tó ń kúrú, ó ti wọ èèwọ̀, .22 ni o, kì í ṣe .22 ni o. Ẹni tó bá ka "elétí" nínú ìtọ́sọ́nà wa tó lọ ra .303 tó ń ki ara rẹ̀ ní London, àwa la tì í sẹ́wọ̀n.

Láti etí yẹn náà ni wàhálà olùrà tuntun ti ń wá. Etí ago gbọ́dọ̀ tín-ín-rín kí abẹ́rẹ́ tó lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò lè gba agbára púpọ̀: òpin .22 Long Rifle jẹ́ nǹkan bí 24,000 pọ́n-ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, nígbà tí ti .223, kátíríìjì agbanáláàárín tí ráífù AR-15 sábà máa ń jẹ, jẹ́ 55,000. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ta ni léjìká, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ìdí nìyẹn náà tí a kì í fi í tún ago rẹ̀ ki, torí etí tó ti rún kò ṣe é tún ṣe.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ̀tù ìgbaná yẹn ní láti yí etí ká láìfo ibì kan. Bí ibì kan bá ṣófo tí abẹ́rẹ́ sì bọ́ síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kà" lásán. Ẹ má ṣí ìbọn. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú sí ibi tí ẹ ń yìn ín sí, kí ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí iná lè pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ kátíríìjì, kí ẹ wo ojú àpá. Bí àpá bá jinlẹ̀, ẹ yí i kí abẹ́rẹ́ lè bá ibòmíràn lára etí. Bó bá tún kọ̀, ẹ pa á tì. Bí àpá bá fẹ́lẹ́, ìbọn lẹ ó yẹ̀ wò: ìdọ̀tí lè má jẹ́ kí kátíríìjì jókòó dé ìdí ihò, tàbí kí abẹ́rẹ́ máà lágbára mọ́. Bí ìró bá ṣe "pù" tí kò dún bó ti yẹ, ẹ dúró, ọta lè ti há sínú ọ̀pá. Ẹ tú ọta inú ìbọn kúrò, kí ẹ wo inú ọ̀pá já kí ẹ tó yin òmíràn.

Ẹ má sì máa fa tírígà lórí ihò òfìfo láìka ìwé tó bá ìbọn wá. Nínú ọ̀pọ̀ agbanálétí, etí ihò ni abẹ́rẹ́ yóò lù, yóò fi àpá sí i, kátíríìjì kò sì ní máa wọlé geere mọ́. Ìwé Ruger 10/22, ráífù .22 kan, fàyè gbà á. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òfin fún àwọn yòókù.

Lórí ìrísí, "ayédèrú" léwu. Ayédèrú owó kò ra nǹkan, ṣùgbọ́n ìbọn yìí ń pa ènìyàn. Ìkìlọ̀ ara páálí ọta .22 sọ pé ó lè ṣeni léṣe títí dé máìlì kan àti ààbọ̀. ONÍRÌÍSÍ OLÓGUN tó. Àwọn .22 tí àwọn ológun fi kọ́ṣẹ́ ní tòótọ́ tún wà, irú bíi Mossberg 44US nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìyẹn ni kí ẹ pè ní ìbọn ìkọ́ṣẹ́ ológun, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa irin ìdí rẹ̀ kí ọta kọ̀ọ̀kan tó wọlé, kò sì jọ M4, ráífù àwọn ológun Amẹ́ríkà, rárá.

Abẹ́ ìrísí yìí la ti nílò ọ̀rọ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni olùrà ti ń ṣìnà. M&P15-22 ti Smith & Wesson, tó jáde ní 2009, ike ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ lókè nílẹ̀, fún .22 láti ìpìlẹ̀. Tírígà AR-15, ráífù aráàlú tó jọ M4, bá a mu, ṣùgbọ́n òkè AR-15 kò lè jókòó lórí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mossberg 715T yàtọ̀: ìbọn 702 lásán ni wọ́n gbé ẹ̀wù M4 wọ̀. Mo pe irú ìyẹn ní AGBẸ́WÙWỌ̀, torí bó bá bàjẹ́, ẹ̀yà 702 lẹ ó wá, ẹ ó sì kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù. Àwọn mìíràn a ra ìfun àpààrọ̀, ìyẹn irin ìdí àti mágásíìnì tó ń jẹ́ kó lè jẹ .22, sínú AR-15 tí wọ́n ti ní. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá AR-15 ń yí ọta lẹ́ẹ̀kan ní íǹṣì 7 tàbí 9, èyí tí .22 fẹ́ sì jẹ́ 16, nítorí náà ọta kì í sábà bọ́ sójú kan náà. Fún ẹni tí kò tíì ní ìbọn kankan, èyí tí wọ́n ṣe fún .22 láti ìpìlẹ̀ ni mo fọwọ́ sí.

Èyí tó ń ki ara rẹ̀, kí ó jẹ́ AKIRARẸ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Mo gba agbanálétí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè rò pé etí tí a fi ń gbọ́ràn ni. Etí omi àti etí aṣọ ti là á fún wa. Akirarẹ̀ ni mi ò tíì gbà, ẹ má bínú. Ṣakabùlà la máa ń ki: a ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a ó fi ọ̀pá gún un wọlé. Èkejì, ẹni tó bá gbọ́ akirarẹ̀ lè rò pé bí òun bá ti fa tírígà, ọta yóò máa rọ̀jò títí.

*

Àbúrò, o ṣeun. Ohun tó ń rọ̀jò, jẹ́ ká pè é ní arọ̀jò-ọta, kí ìtumọ̀ akirarẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba: ìfà kan, ọta kan. Ní ti "ki", iṣẹ́ náà ni kò yí padà. Ibi tí ọta ń gbà wọlé ló kúrò lẹ́nu. Nínú .22, agbára èéfín ẹ̀tù tó jó ló ń ti ago òfìfo padà sẹ́yìn, ago ń ti irin ìdí, irin ń tu ago dànù, sípíríìnì sì ń dá irin padà láti ki òmíràn láti inú mágásíìnì. Kò sí ohun tó de irin yẹn ju ìwúwo rẹ̀ àti sípíríìnì lọ. Nítorí náà ọta tí kò yára, tó kéré sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,080 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í sábà tì í dé òpin, ago á sì há sí ẹnu ọ̀nà. Jọ̀wọ́ fi èyí sábẹ́ akirarẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà náà: kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọta grain 40 (grain ni òṣùwọ̀n ìwúwo ọta) tó ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200 sókè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó ra irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, kó wo èyí tí ìbọn rẹ̀ ń jẹ láìpọ̀ ọ́, kó tó ra páálí 500.