Fọ́tò dúdú àti funfun fún 80 ọdún Màmá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Kúbwà: Ẹ kú ilé o. Màmá wa ń pé 80 ọdún. Ní 1974, wọ́n ya fọ́tò dúdú àti funfun kan níwájú ilé wa ní Sabon Gari, Kano: Bàbá lórí àga lápá ọ̀tún, Màmá lápá òsì, ẹ̀gbọ́n mi láàárín, èmi lórí itan Màmá. Etí fọ́tò náà ti ń pọ́n, ó sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. A fẹ́ ya òmíràn bíi tiẹ̀ ní Àbújá. Bàbá ti lọ ní 2011. Irú onífọ́tò wo ni ká wá?

Ìyá Ìbejì Nyanya: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fagbára bó o kúrò lára gíláàsì! Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn, ojú ìyá àgbà ló bá gíláàsì lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á tòun ti gíláàsì.

Àgbà Onífọ́tò, Jos: Pípọ́n yẹn, fàdákà inú bébà fọ́tò ló ń yí padà. Bí wọn ò bá fi omi ṣan kẹ́míkà kúrò dáadáa nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí onífọ́tò fi àwòrán àgbàlagbà tó ti yà hàn yín. Bó bá ti nu ìhunjọ ojú wọn dànù, ẹ wá ẹlòmíràn. Ìlà ojú, ewú, ìhunjọ, àwọn gan-an la torí ẹ̀ ya dúdú àti funfun. Ẹ yà á lásìkò ọyẹ́, ní àárọ̀: eruku ojú ọ̀run máa ń mú kí oòrùn rọ̀, òjìji abẹ́ imú kì í le. Ẹ wọ aṣọ òkè, ọ̀nà ìhun rẹ̀ á yọ.

Láti 1975 ni Nicholas Nixon, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyàwó mẹ́ta; ó yà wọ́n lọ́dọọdún fún ohun tó lé ní 40 ọdún, kò sì yí ìtò wọn padà. Ojú wọn ló ń yí. Kí kálukú yín padà síbi tó wà ní 1974.

Ará Gwarinpa: Ẹ fọ̀ ọ́ sórí bébà o! Kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Kúbwà: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ibi ti Bàbá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Nyanya: Láyé àtijọ́, bí ìbejì kan bá kú tí wọn ò tíì ya fọ́tò pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á fọ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ní fọ́tò tiwọn. Ẹ gbé àga síbẹ̀, kí ẹ fi fìlà wọn lé e.

Ọmọ Kúbwà: Mo kà á sí Màmá létí. Wọ́n ní àga ọ̀hún ṣì wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Kano, apá kan ló ti yọ. Mo ń lọ gbé e ní Sátidé.