Renato kì í ṣe Babátúndé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká kọ “Babátúndé” síwájú Renato nínú àkójọ orúkọ tí à ń túmọ̀, torí pé “ẹni tí a tún bí” ni orúkọ àwọn ará Ítálì náà dúró fún. Mo rí ohun tó fà á dé ibẹ̀, àmọ́ n ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà palẹ̀. Inú èdè Látìn ló ti wá: Renatus. “Re” ni “tún”, “natus” ni “tí a bí”. Gbòǹgbò natus yìí náà ló wà nínú Natale, orúkọ tí wọ́n ń pe Kérésìmesì, tí wọ́n sì ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lásìkò rẹ̀, bí àwa ṣe ń sọ Abíọ́dún. Àwọn Kristẹni àtijọ́ ló ń jẹ́ Renatus, omi ìrìbọmi ló sì wà lọ́kàn wọn. Nínú Bíbélì Látìn, níbi tí Jésù ti ń dá Nikodémù lóhùn ní Jòhánù 3:5, “renatus” gan-an ló wà níbẹ̀: ẹni tí a fi omi àti Ẹ̀mí tún bí. Ọ̀rọ̀ tí àwa ní fún ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì: àtúnbí.

Babátúndé ńkọ́? Odindi gbólóhùn ni, ó sì ní olùwà: baba ló dé. Ikú ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí bàbá wa jáde láyé. Ìyá wa tẹ́ ẹ sórí itan, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.” Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ló ń fi “ẹ” kí! Títí dòní, bí ọmọ náà bá fọ́ àwo, ìyá wa kì í jágbe mọ́ ọn.

Ẹ wá wo gúúsù Ítálì. Àṣà wọn níbẹ̀ ni kí àkọ́bí ọkùnrin jẹ́ orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀, kódà kí bàbá àgbà náà ṣì wà láàyè, kó jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ẹ pe Gennaro, àwọn méjèèjì á dáhùn. Nínú wa, ta ló jẹ́ sọ ọmọ ní Babátúndé lójú bàbá tó wà láàyè? Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé orúkọ baba ró là ń wá, inú àṣà yẹn ló wà, kò sí nínú Renato.

Renato Dulbecco, tí wọ́n bí ní Catanzaro lọ́dún 1914, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn lọ́dún 1975, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó bi í pé bàbá wo ló kú. Bí wọ́n bá sì bí obìnrin, Renata ni: fáwẹ̀lì ìparí nìkan ló yí padà. Nínú Babátúndé àti Yétúndé tiwa, ẹni tó padà wá gan-an ló ń yí.

Ẹnìkan tún dábàá “àtúnwá”. Ìyẹn náà ò bá a mu, torí ilé ayé ni ẹni tó tún wá padà sí, Babátúndé sì ni ọ̀rọ̀ yẹn bá tan. Lóòótọ́, a kì í sọ ọmọ ní Àtúnbí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ là ń kọ, a ò pààrọ̀ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni mo fẹ́ kó rí nínú àkójọ wa:

Renato (orí “na” ni kí ẹ tẹ̀ mọ́): orúkọ ọkùnrin ní Ítálì, àtúnbí, nípa ìrìbọmi. Ti obìnrin: Renata. Ti Faransé: René.