Corolla mi: ṣé third party ₦15,000 tó, àbí kí n lọ san comprehensive?

Olùkọ́ Tanke:
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ mi máa tán lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí n tó kówó sílẹ̀.

Corolla 2008 ni, tòkunbọ̀. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ níbí ní Ìlọrin ti wò ó, wọ́n ní bó ṣe wà yìí, mílíọ̀nù márùn-ún ni wọ́n máa rà á lọ́wọ́ mi. Tanke ni mò ń gbé, Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ́ni. Títì Ganmo sí Àjàṣẹ́-Ìpo ni mò ń tọ̀ láàárọ̀, èmi àti tírélà la jọ ń pín in. Bí wọ́n bá ti fẹ́ yà mí sílẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Third party, èyí tí òfin béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́kọ̀, ₦15,000 ni. Comprehensive tí wọ́n ṣírò fún mi, èyí tó kan ọkọ̀ tèmi náà, ₦250,000 lọ́dún kan. Owó oṣù olùkọ́ ni mò ń gbà o. Baba àwọn ọmọ ní ká fi owó yẹn ra táyà mẹ́rin, ká fi ìyókù pa mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ₦900,000 péré ló wà nínú àjẹsẹ́kù mi, owó iléèwé àwọn ọmọ sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbowó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ọ̀fà:
Àǹtí, third party ni kí ẹ ṣe. Torí òfin nìkan la ṣe ń wá ìwé yẹn. Láti ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní February 2025 ni mo ti ń gbé tèmi sínú ọkọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n sanwó fún ládùúgbò wa.

Akọ̀wé Ìnṣọ́ránsì Tẹ́lẹ̀:
Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí àwọn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ ń gbé ìwé wá, ní iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan ní Ìlọrin yìí. Ọ̀rọ̀ yín jẹ mí lógún, torí mo ti rí olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó sunkún níwájú mi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ títí ìjàm̀bá fi ṣẹlẹ̀ ni pé third party kò kan ọkọ̀ tiwọn rárá. Ẹni tí ẹ bá gbá ni wọ́n ń tún tirẹ̀ ṣe. Bí ẹ̀yin bá jẹ̀bi, tí iwájú Corolla yín sì wó, kọ́bọ̀ kan kò ní wọlé fún yín. Bí wọ́n bá jí i, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn tí arákùnrin wa láti Ọ̀fà kò fi rí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Ẹni tí wọ́n gbá ló yẹ kó wá gbowó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù. January 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, gbé third party ọkọ̀ aládàáni láti ₦5,000 sí ₦15,000, wọ́n sì fi mílíọ̀nù mẹ́ta ṣe òpin ohun tí iléeṣẹ́ máa san lórí dúkìá ẹni tí ẹ bá gbá. Ẹ wo àwọn jíìpù tó ń kọjá ní GRA àti Fate. Bí bíréèkì yín bá já ní Unity, tí ẹ lọ kọlu ẹ̀yìn ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iná ẹ̀yìn, búùtù àti bọ́ńpà nìkan lè kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìyókù dọ̀dọ̀ yín. Corolla yín ò lè ná yín ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ láéláé, àmọ́ ọkọ̀ onílé olókè kò ní òpin. Nítorí náà, ìwé yòówù kí ẹ mú, ẹ ní kí wọ́n gbé òpin yẹn sókè, kí wọ́n sì sọ iye tí ẹ máa fi kún un. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í béèrè.

Ti ọkọ̀ yín wá ńkọ́? Ohun kan ni mo máa ń bi èèyàn: bí ó bá jóná lálẹ́ òní, ṣé ẹ lè ra òmíràn láìyáwó, láìfọwọ́ kan owó iléèwé? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó fi ₦250,000 rẹ̀ pa mọ́, mi ò ní bá a jà. Ẹ̀yin ti dáhùn fúnra yín. Comprehensive ni mo máa ṣe fún yín, títí àjẹsẹ́kù yín á fi tó ra ọkọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ bí iye ọkọ̀ yín sínú ìwé torí kí owó lè dín o. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa wò ó pé ìdajì ọkọ̀ lẹ ṣe ìnṣọ́ránsì fún, ìdajì ni wọ́n á sì san: bí àtúnṣe bá jẹ́ ₦600,000, ₦300,000 lẹ máa gbà. Ẹ má sì kọ mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí ọkọ̀ bá run, iye tó tó lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa wò. Ẹni tó bá sì ní òun máa ṣe comprehensive fún yín ní ìdá méjì nínú 100 iye ọkọ̀, ẹ ṣọ́ra. NAICOM ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún.

Oníṣẹ́ Gáà Àkànbí:
Ara ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n sọ òótọ́, àmọ́ kí Àǹtí mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ rọ́pò nǹkan tó ti gbó pẹ̀lú tuntun, wọ́n lè ní kó dá díẹ̀ nínú owó ẹ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kí iléeṣẹ́ tó rán ẹni wá wò ó. Mo ti rí i tí ìyẹn da ọ̀rọ̀ rú, tí onímọ́tò sì fi owó ara rẹ̀ san gbogbo ẹ̀.

Àáfà Adéta:
Salaamu alaikum. Bí èlé bá ń kọ yín lóminú, takaful wà, ìnṣọ́ránsì ní ìlànà Ìsìláàmù. Jaiz Takaful àti Noor Takaful ní ìwé àṣẹ NAICOM. Owó tí gbogbo wa dá jọ ni wọ́n fi ń san ti ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, bí ó bá sì ṣẹ́kù lópin ọdún, wọ́n lè pín in padà.

Olùkọ́ Tanke:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sí etí ọkọ mi, ó dákẹ́, ó ní ká lọ béèrè iye tí gbígbé òpin yẹn sókè máa ná wa. Ó ní bí a bá ṣe comprehensive, táyà méjì la máa rà dípò mẹ́rin. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù: ìyá mi ń gbé lẹ́bàá odò Asa, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí ní òpin ọ̀sẹ̀, omi sì máa ń yalé níbẹ̀. Ṣé comprehensive gbà á?

Akọ̀wé Ìnṣọ́ránsì Tẹ́lẹ̀:
Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, rárá, àfi tí ẹ bá sanwó kún un. Ìjà ìgboro náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀kún omi sínú ìwé kedere, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ tún béèrè iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san nígbàkígbà tí ẹ bá wá gbowó.

Owó tí ẹ ò bá tíì san, ìwé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá ti san án tán, ẹ tẹ *565*11# pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ yín, tàbí kí ẹ wọ askniid.org, kí ẹ fi wò ó bóyá ìwé yín jẹ́ ojúlówó. Bí orúkọ yín kò bá jáde, ẹ padà lọ bá ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an.